Ínǹṣì Méjìlélọ́gbọ̀n

Téèpù tí ìyàwó mi fi ń wọn ìbàdí oníbàárà
ni mo fi wọn ògiri yàrá ẹ̀yìn.
Láti ojú fèrèsé dé ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò pé márùn-ún.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì epo,
mo wọ takisí, ó di Arákàlẹ̀.

Yàrá Adétulà ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ará Kánádà.
Ní báyìí, ẹni alẹ́ kan, ẹni alẹ́ méjì ló ń sùn ún:
òbí tó mú ọmọ wá sí Fútà,
ẹni tó ń tọ fáìlì ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn kiri Alágbàka.
"Bàbá, ṣé tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀?"
Wọn ò tíì béèrè omi,
wọn ò tíì béèrè iná.

Fámúwàgún, ọmọ ṣọ́ọ̀bù, fà mí lọ síwájú ọ̀kan
tó gbòòrò ju ilẹ̀kùn ilé ìyá mi ní Ìta-Ògbólú.
Ẹja pupa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ó ń dán bí ohun tí wọ́n ta epo sí.
Mo ní, "Èló?"
Ó dá mi lóhùn.
Mo wá páálí kan, mo jókòó.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ mi.
Ta ní í ra erin
fún ẹni tó fẹ́ sùn mọ́jú?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì:
ó ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán,
ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ amóhùnmáwòrán.
N ò mọ̀ pé ní ṣọ́ọ̀bù, amówómápò lorúkọ rẹ̀.
Irin tí a ó fi gbé e kọ́, owó ọ̀tọ̀.
Wáyà, owó ọ̀tọ̀.
Dẹ́kódà, àti owó oṣù tí kì í béèrè
bóyá àlejò wá lóṣù yẹn tàbí kò wá.

Tòkunbọ̀ kan wà tó fẹ̀ díẹ̀, tó sì pọ́n owó lé,
àmọ́ ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá bí àbàjà.
"Kò hàn, Bàbá, tí ẹ ò bá wò ó."
Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn rà á.

Ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni mo gbé délé,
tuntun, tòun ti ìwé ọdún kan.
Kì í mu iná púpọ̀; bátìrì sólà kékeré wa
lè gbé e dé agogo méjìlá òru.
Akínmọládùn gun òrùlé, ó de díìṣì tí kì í gba owó oṣù:
ìwàásù, ìròyìn, àwọn Lárúbáwá tó ń dáná.
Ẹni tó bá fẹ́ ju ìyẹn lọ, kó lo dátà rẹ̀.

Mo fẹ́ fi okùn so rìmóòtù mọ́ tábìlì.
Ìyàwó mi ní, "Bí báírò báǹkì?
Ṣé olè lẹ fẹ́ pe àlejò ni?"
A ò so ó.
Ó bá ọkùnrin kan lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.
Mo tún ra òmíràn ní Ọjà Ọba.

Obìnrin kan wá láti Òkìtìpupa,
ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.
Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo gbé etí sógiri bí aláìnítìjú:
kẹ́kẹ́ pa.
Lálẹ́ kejì, ohùn kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èdè Lárúbáwá, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó ní,
"Bàbá, n ò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ.
Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ ni."

Nígbà tó lọ, mo wọlé lọ wo wáyà.
Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Adétulà.
Ọkùnrin kan ń yí ẹja nínú epo,
ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà.
N ò tètè pa á.